Itọ́ Ẹni Ló Ń Mú Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Kúrò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ti ń bẹ̀rù àbàwọ́n ju olè lọ, ẹ béèrè ilé Eyínabẹ aránṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́ nínú bàsíà omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, yóò nù ún, yóò sì na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú kí ọ̀gá yẹ̀ wọ́n wò. Wọn kì í jẹun níbẹ̀. Sísọ́ọ̀sì wà lórí ìṣó, ṣùgbọ́n aṣọ nìkan ló wà fún. Eyín ni ọkùnrin náà fi ń gé òwú, láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ náà. Yóò tẹrí ba, yóò gé e geerege, yóò sì gbé orí sókè bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó sọ ọ́ di Eyínabẹ nìyẹn, orúkọ náà sì wù ú débi pé ó kọ ọ́ sára pátákó.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán bọ́tìnnì, nítorí náà Oníbọ́tìnnì ni àdúgbò ń pè é. Nínú ṣọ́ọ̀bù, "Ọ̀gá" lòun náà ń pe ọkọ rẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Bí wọ́n bá wọ yàrá ẹ̀yìn, á di "olówó orí mi". Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, òun ló kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀wù funfun méjìlá ló wà lórí okùn, ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì tó wà níwájú díẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ilé oúnjẹ wò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Máníjà ilé búrẹ́dì ti sọ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lòun máa wá kó wọn, àti pé bí wọn ò bá mọ́ tónítóní, kí Ọ̀gá máa wọ méjèèjìlá fúnra rẹ̀.

Oníbọ́tìnnì mú ẹyọ kan kó fi bọ́tìnnì ìkẹyìn sí i, ó sì rí àmì pupa kan lábẹ́ kọ́là, kò tó orí ìṣáná. Ó mú òmíràn, ó wà níbẹ̀. Lára méjìlá, márùn-ún ló ní in, ojú kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ wà: ibi tí òwú kọ́là parí sí. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ọdún méjì ló ti ń fọ irú pupa yẹn kúrò lára ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ láràárọ̀, pẹ̀lú omi tútù àti iyọ̀, kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. Ó yára ká ẹ̀wù náà, ó fi èyí tó mọ́ bò ó.

"Kí lò ń kó pa mọ́?" Ọ̀gá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò kó nǹkan kan pa mọ́."

Ó fa ẹ̀wù náà yọ. Ó wò ó, ó wo mẹ́rin yòókù. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá sàn díẹ̀. "Adúmáadán dà?"

Adúmáadán ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Oníbọ́tìnnì ló fún un lórúkọ náà, bí ìyàwó ilé ti ń sọ àbúrò ọkọ lórúkọ, gbogbo ilé sì gbà á. Ó pé oṣù mẹ́jọ tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú báàgì búlúù kan tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, tó fi okùn dì lẹ́nu. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun máa bá a pààrọ̀ síìpù náà lọ́la. Ọ̀la ọ̀hún ò tíì dé. Òun ló ń ṣe ihò bọ́tìnnì àti ìṣẹ́tí, gbogbo ohun tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán. Ó wọlé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Na ọwọ́ ẹ."

"Mo ti fọ̀ ọ́, Bọ̀dá mi."

"Mo ní kó o na ọwọ́ ẹ."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó na ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ orí wọn bí ẹni ń ṣa tòmátì. Kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ gún.

"Ó ti jinná ni," ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ kì í dédé bá aṣọ. Abẹ́rẹ́ ló ń gún ìka, ìka ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìka tó bá sì ṣẹ̀ lọba ń gé."

"Ẹ̀yin lẹ rán kọ́là lálẹ́ àná. Èmi ò fọwọ́ kan kọ́là."

"Èmi wá ni abẹ́rẹ́ gún?" Ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, lóòótọ́. Kò sí ọwọ́ tó mọ́ tó o ládùúgbò náà.

Ó wá kan ohun tí àwọn aránṣọ fi ń ṣẹjọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá kán sáṣọ, tutọ́ sí i kíá, fi òwú rá a, yóò lọ. Ṣùgbọ́n itọ́ tìrẹ ni. Wọ́n ní itọ́ ẹlòmíràn kò ní mú un. Ọ̀gá tó kọ́ Eyínabẹ níṣẹ́ ló fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́: itọ́ ẹni ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ẹni kúrò. Òun náà ti fi mú ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá ti mú àbàwọ́n kúrò, òun ló ni ín, ẹjọ́ parí.

Adúmáadán tutọ́ sí àmì kìíní. Ó fi òwú funfun rá a, ó rá a, ó rá a. Àmì náà fẹ̀ díẹ̀, ó ṣá díẹ̀, kò lọ.

"Ẹ wò ó," ó wí. "Òfin yín nìyẹn. Ká ní tèmi ni, ì bá ti lọ."

"Ó ti pẹ́ lára aṣọ ni kò ṣe lọ."

Oníbọ́tìnnì náà dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an, ó tutọ́ tirẹ̀ sí òmíràn, ó rá a. Kò lọ. Ó padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

Wọ́n jẹun àárọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, nítorí ìbínú kì í dí ebi lọ́wọ́. Tíì ni, àti búrẹ́dì, àti ẹran díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ọbẹ̀ àná. Ọ̀gá ri búrẹ́dì tirẹ̀ sínú tíì títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀kọ mímu. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ń jẹ́ kóun tètè jẹun tán. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹran tó wà nínú àwo rẹ̀ sínú àwo Adúmáadán. Inú ń bí i sí i gan-an, kò wò ó lójú, ṣùgbọ́n ẹran náà ṣáà kọjá.

Oníbọ́tìnnì ń wo ẹran náà bó ti ń kọjá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó rò pé ìfẹ́ àbúrò ni. Ó rò pé kànáfùrù tí ọkọ òun ń fi sẹ́nu látàárọ̀ dalẹ́, àṣà lásán ni. Lóru, Oníbọ́tìnnì a kọjú sógiri sùn, a ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń wọ òun lójú, bẹ́ẹ̀ yàrá náà kò ní fèrèsé. Búrọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀ ń pupa láràárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní búrọ́ọ̀ṣì ló le, ó ra èyí tó rọ̀. Èyí tó rọ̀ pupa. Ó wá fi ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀, kó lè sinmi. Òun náà, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ìdọ̀tí kan aṣọ onílé, wá dá ìdọ̀tí sí lẹ́nu ara rẹ̀, ó ń kẹ́ ẹ. Erìgì rẹ̀ wú, ó ń dán, ó pupa. Eyín iwájú rẹ̀ ń gùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín àgbàlagbà kì í dàgbà. Oníbàárà kan tiẹ̀ yìn ín pé ẹ̀rín rẹ̀ ti gbòòrò. Òwú wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ láàárín eyín ìsàlẹ̀. Ó bá ẹni tó ń ta òwú jà, ó pààrọ̀ òwú lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀ ń dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n sì ń wá àwáwí fún un. Ìgbà kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà, tó ní, "Olówó orí mi, ẹnu yín ńkọ́?", ọkọ rẹ̀ dáhùn pé, "Kò dùn mí." Ó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá wọ ilé mẹ́wàá ní àdúgbò yẹn, gbólóhùn yẹn lẹ máa bá nílé mẹ́sàn-án, ẹ sì máa bá ìyá àgbà kan níkọ̀ọ̀kan wọn tó ń fi erìgì lásán jẹun, tí wọ́n á ní ọjọ́ orí ló kó eyín rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá gbé ife kalẹ̀. "Mo ń lọ ra òwú. Bí mo bá dé, tí mo bá bá báàgì búlúù yẹn níbí, èmi ni mo máa jáde fún un."

Adúmáadán fọ àwo ẹran rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Mo gbọ́, Bọ̀dá mi." Ó wọlé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Nídìí ẹ̀rọ omi tí Oníbọ́tìnnì ti lọ pọnmi, àwọn obìnrin dákẹ́ bí wọ́n ti rí i, wọ́n sì tún sọ̀rọ̀ kó tó jìnnà tó. Ọ̀kan ní, "Ó ti rí i lé lọ nìyẹn." Èkejì ní, "Ẹ̀jẹ̀ wo ló lè dé lábẹ́ kọ́là fúnra ẹ̀? Ìyàwó ló fi síbẹ̀. Àbúrò ọkọ ti pẹ́ jù nílé." Ẹ̀kẹta kàn ń gbọn orí, èyí tó burú jù.

Oníbọ́tìnnì gbé omi rẹ̀, ó ń lọ. Ó dùn ún dé egungun. Ọdún méjì ló ti ń fọ ìtìjú ẹlòmíràn níkọ̀kọ̀, wọ́n sì ti wá fi èyí tí kò mọ̀ kùn ún ní gbangba. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ẹlòmíràn.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, báàgì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, okùn ti wà lẹ́nu báàgì, Adúmáadán sì jókòó tì í. Alágogo, ẹni tó ń tún aago ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì kékeré tó máa ń há mọ́ ojú ọ̀tún. Ó ní òun wá bẹ Ọ̀gá, ṣùgbọ́n àmì ẹ̀jẹ̀ náà ló ń wò.

"Ọ̀gá," ó wí, "àmì yìí ò kán. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán, á rí roboto. Èyí fẹ̀, ó ní omi nínú. Bí ẹni tẹ nǹkan mọ́ aṣọ ló rí."

"Ìka ló tẹ̀ ẹ́."

"Ìka wo ló máa dé ibi tí òwú parí sí lára ẹ̀wù márùn-ún?"

Adúmáadán dìde, ó gbé báàgì. "Ẹ dákẹ́, bàbá. Ó ti tó. Ìyàwó wa, ó dàbọ̀."

Ìgbà náà ni Oníbọ́tìnnì gbé bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ẹ̀wù kẹta, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Itọ́ Adúmáadán ti kàn án. Itọ́ tèmi ti kàn án. Ó ku tiyín, Ọ̀gá."

"Tèmi?"

"Òfin ni."

Ó wò ó bí ẹni tí àga tó jókòó lé sọ̀rọ̀. Ó wo Alágogo, ó wo àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ kànáfùrù kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí wọ́n má bàa sọ pé ó ṣe èrú, ó bẹ̀rẹ̀, ó tutọ́ sára aṣọ funfun náà láti fi kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Itọ́ náà bọ́ sórí aṣọ pẹ̀lú pupa. Kò pọ̀. Ó kàn pupa ní àárín, ó ṣá ní etí, ó sì rí bí mẹ́rin yòókù ti rí gẹ́lẹ́, ó kàn ṣì tutù ni.

Áyọ́ọ̀nù ń dún lórí ààyè rẹ̀.

"Kànáfùrù ni," Ọ̀gá wí.

"Kànáfùrù kì í pupa," Alágogo wí. "Ẹ yanu."

"Kí n yanu fún oníṣẹ́ aago?"

"Ẹ̀yin ẹ yanu."

Ìyàlẹ́nu ti mú un, ó yanu. Alágogo ti gíláàsì rẹ̀ mójú, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́ bí aago olówó ńlá. "Ohun kan wà nídìí eyín yín yìí, ó gan bíi símẹ́ńtì. Ẹran ìdí eyín ti sá fún un. Méjì ìsàlẹ̀ yìí ń mì." Ó tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀, níbi tí eyín mẹ́ta kò sí. "Èmi náà ní kò dùn mí. Lọ́jọ́ tó dùn mí, wọ́n ti ṣubú tán. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò, Ọ̀gá. Ilé ìwòsàn eyín ò jìnnà, ẹ lọ lónìí."

Oníbọ́tìnnì wọlé, ó gbé ìrọ̀rí kan jáde nínú omi iyọ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù náà. Ọkọ rẹ̀ wo méjèèjì.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì."

"O ò sì sọ?"

"Ẹ ní kò dùn yín."

Alágogo sọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò dojú kọ ẹnì kan, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Oníbọ́tìnnì mọ ẹni tó ń bá wí. Kò bá a jiyàn.

Aago kan ti lù. Adúmáadán gbé báàgì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò tú okùn rẹ̀. Ó bu omi, ó fọ ọwọ́, ó fa ẹ̀wù márààrún sọ́dọ̀. "Aṣọ tó ṣẹ́ kù á tó fi pààrọ̀ kọ́là márùn-ún," ó wí. "Ẹ máa lọ. Bí máníjà bá ti kó wọn tán, èmi náà á máa lọ."

Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn eyín, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ṣáájú Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá nítorí pé erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Yíyọ eyín ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Obìnrin kan tiẹ̀ di eyín tirẹ̀ sínú háńkáṣífù, ó mú un wá bóyá wọ́n á lè dá a padà. Kò tíì tó ogójì ọdún. Ó ń bi olúkúlùkù léèrè bóyá ó ti rí irú rẹ̀ rí, olúkúlùkù sì ti rí i rí.

Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin tí Ọ̀gá lè bí. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fín àmì sí lára bíi téèpù, ó ń tì í bọ ẹ̀gbẹ́ eyín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń pe nọ́ńbà, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́. "Mẹ́ta. Mẹ́ta. Márùn-ún. Méje. Méje. Mẹ́jọ." Ọ̀gá mọ ohun tí wíwọ̀n jẹ́. Òun náà ti ń pe nọ́ńbà fún ẹni tó ń kọ̀wé láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé mẹ́jọ kò dára, ṣùgbọ́n ó di àga mú.

"Ìgbà wo ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀, bàbá?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọdún méjì," ìyàwó rẹ̀ wí.

Dókítà kọ ti ìyàwó sílẹ̀. "Ó dùn yín?"

"Kò dùn mí."

"Kì í dunni. Ó máa jẹ ẹran ìdí eyín, á jẹ egungun tó di eyín mú, èèyàn á máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lórí búrọ́ọ̀ṣì ló fi ń kìlọ̀, àti ẹnu tó ń rùn, àti eyín tó dà bí ẹni pé ó ń gùn. Ibi tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ láìfọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa fọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láàárọ̀ àti lálẹ́." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó wọ òmíràn. "Méjì ìsàlẹ̀ ń lọ lónìí. Tẹ́ ẹ bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n fọ abẹ́ erìgì yín, a lè mú ìyókù dúró. Ká ní ẹ wá lọ́dún méjì sẹ́yìn ni, fífọ̀ lásán ni."

Oníbọ́tìnnì wo ògiri. Ògiri ti mọ́ ọn lára láti máa wò.

Wọ́n yọ eyín méjì. Wọ́n fi ìdì òwú kékeré sí ojú ibẹ̀, wọ́n ní kó fi eyín há a mọ́lẹ̀, kó má sọ̀rọ̀ dalẹ́. "Ohun kan tún kù, bàbá," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ má tutọ́. Tó bá di ọ̀la, ẹ lè tutọ́."

Aago márùn-ún ti kọjá kí wọ́n tó délé. Okùn tí wọ́n ń fi ẹ̀wù kọ́ ti ṣófo. Máníjà ti kó méjèèjìlá lọ. Ó ní kọ́là márùn-ún yẹn mọ́ ju méje yòókù lọ, ó béèrè ẹni tó rán an. Adúmáadán jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí báàgì búlúù.

"Ẹ kú àbọ̀, Bọ̀dá mi. Mo ní kí n dúró kí n kí yín kí n tó lọ."

Ọ̀gá ò lè sọ̀rọ̀. Ó fọ ọwọ́ nínú bàsíà, ó nù ún. Ó gba báàgì náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ó tú okùn ẹnu rẹ̀, ó sì kó aṣọ inú rẹ̀ jáde níkọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ, lójú ààyè wọn àtijọ́. Nígbà tí báàgì ṣófo, ó wá síìpù tuntun kan nínú dúrọ́ọ̀, ó fi wọ̀n ọ́n, ó sì jókòó sídìí máṣíìnì.

"Ṣé kí n lè rí báàgì tó dáa gbé lọ lẹ ṣe ń tún un ṣe ni?" Adúmáadán béèrè.

Ó mi orí. Rárá. Ó ń rán an lọ. Oníbọ́tìnnì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, kò wọlé.

Síìpù náà parí. Ọ̀gá fa òwú, ó tẹrí ba bó ti máa ń ṣe, ó gbé òwú náà dé ètè. Ó dúró síbẹ̀. Òwú náà wà níwájú ẹnu rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wà ní pípadé lórí ìdì òwú tó ti ń pupa.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Adúmáadán wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó lọ síbi ìṣó, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì fi lé e lọ́wọ́.